Àwọn tó ń gbé inú kòkòrò ọkà, àti ohun tí gáàsì apakòkòrò ń ṣe sí wọn

Bí ènìyàn bá wọ ibi tí wọ́n ti ń ta ọkà ní ọjà ńlá èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá lásìkò tí àgbàdo ọdún bá ti gbẹ tán, yóò rí àwọn àpò tí wọ́n tò lé orí ara wọn tí wọ́n sì fi tapólì bò mọ́lẹ̀. Lábẹ́ tapólì yẹn ni hóró oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní Phostoxin wà, tí wọ́n fi bébà tàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé. Ọlọ́jà yóò fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò ṣí i, yóò gbọn òkú kòkòrò dànù, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oṣù méjì tó pé, àpò kan náà yóò tún máa da ìyẹ̀fun sílẹ̀ nísàlẹ̀, kòkòrò yóò sì máa rìn lára rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ nígbà náà ni pé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún wọn. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, inú hóró àgbàdo àti inú ara kòkòrò fúnra rẹ̀ ni àlàyé ọ̀rọ̀ náà wà, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé.

Kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo wa kì í dá gbé. Nínú ara púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò ọkà ni àwọn ohun abẹ̀mí kan wà tó kéré débi pé awò amúǹkantóbi nìkan ló lè fi wọ́n hàn. Àwọn mìíràn jẹ́ bakitéríà, àwọn mìíràn sì jẹ́ ìbátan ìwúkàrà. Alábàágbé ni n ó máa pè wọ́n nínú àlàyé yìí, nítorí pé kòkòrò fún wọn ní ilé àti oúnjẹ, àwọn náà sì ń san owó ilé wọn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ gáàsì tí a fi ń pa kòkòrò ọkà láìmẹ́nu ba àwọn alábàágbé yìí, ìdajì ọ̀rọ̀ ni a ń sọ, ìdajì tí a sì fi sílẹ̀ ló ń dà wá láàmú.

Ẹ jẹ́ kí a mú kòkòrò onímú gígùn tó ń ba àgbàdo jẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sitophilus zeamais, àti ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ ìrẹsì, Sitophilus oryzae. Abo rẹ̀ yóò fi ẹnu dá ihò sára hóró kan, yóò yé ẹyin kan sínú rẹ̀, yóò sì fi oje ara rẹ̀ dí ẹnu ihò náà pa. Ìdin tó bá pa láti inú ẹyin yẹn kì í jáde. Inú hóró náà ni yóò ti máa jẹun, ibẹ̀ ni yóò ti dàgbà, ibẹ̀ náà ni yóò ti para dà di kòkòrò, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni yóò sì tó lu ihò jáde. Ìdí nìyí tí ìyẹ̀fun oògùn tí a bá bù sójú ọkà kì í fi í kan ìdin, àfi gáàsì tó lè wọ inú hóró lọ bá a níbi tó wà.

Ní ẹ̀gbẹ́ ìfun ìdin yìí ni ẹ̀yà ara kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gba bakitéríà kan sílé lọ. Orúkọ bakitéríà náà ni Sodalis pierantonius, tí wọ́n fi sọrí Umberto Pierantoni, onímọ̀ ará Ítálì. Lójú àwọn tó ń kọ́ nípa irú ìbágbé bẹ́ẹ̀, àlejò ni bakitéríà yìí ṣì jẹ́, nítorí pé kò tíì tó 30,000 ọdún tó ti wọ inú kòkòrò náà, tó sì gba ipò lọ́wọ́ alábàágbé mìíràn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Nínú ẹyin ni ìyá ti ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́, láti ìran dé ìran, nítorí náà kò sí ọmọ kòkòrò àgbàdo tó ń lọ wá alábàágbé tirẹ̀ níta. Ohun tí ìyá bá ní ni ọmọ yóò jogún.

Kí ni kòkòrò ń rí gbà? Ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ni ìdáhùn tó ṣe kedere jù lọ ti jáde, níbi tí Paul Nardon ti gbé kòkòrò náà sí ibi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 35°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 90%, fún nǹkan bí oṣù kan. Ó kọ ohun tó rí jáde ní 1973: ooru náà mú bakitéríà kúrò nínú kòkòrò, ṣùgbọ́n ìran kòkòrò náà kò run. Láti ọjọ́ náà ni àwọn onímọ̀ ti ní ìran kòkòrò tó ní alábàágbé àti ìran tí kò ní, tí wọ́n lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n sì wò wọ́n. Èyí tí kò ní i ń pẹ́ kó tó dàgbà, ọmọ rẹ̀ kì í pọ̀, kòkòrò ìrẹsì tó bá sì pàdánù rẹ̀ kì í lè fò mọ́. Ìdí tí kò fi lè fò ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gáàsì yóò ti wọlé. Hóró ọkà kò ní àwọn fítámì kan tó, bíi ríbófúlefíìnì, báyótíìnì àti pantotẹ́níìkì ásíìdì. Bakitéríà ló ń pèsè wọn fún kòkòrò, àwọn fítámì yìí sì ni kòkòrò ń lò nínú mitokọ́ńdíríà rẹ̀, ìyẹn àwọn àrò kéékèèké inú ara tó ń sọ oúnjẹ di agbára. Bí fítámì bá dín, àrò á jó fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, agbára tí ìyẹ́ nílò kò sì ní sí.

Iṣẹ́ kejì tí alábàágbé ń ṣe ni èèpo ara. Èèpo kòkòrò ni ògiri rẹ̀, òun ló ń dáàbò bò ó, òun náà ni kì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ nínú ọkà tó ti gbẹ táútáú. Kí èèpo náà tó lè le kó sì dúdú, kòkòrò nílò táyírósíìnì púpọ̀, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara fi ń ṣe purotéènì, èyí tí kò tó nínú ọkà tó ń jẹ. Àwọn onímọ̀ Lyon kan náà fi hàn ní 2014 pé bakitéríà máa ń pọ̀ sí i lọ́nà àrà nínú kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà, títí èèpo rẹ̀ yóò fi le tán. Lẹ́yìn ìyẹn, kòkòrò fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n jẹ, títí tí kò fi ní ku ẹyọ kan ní ẹ̀gbẹ́ ìfun rẹ̀, àfi àwọn tó wà nínú ilé ẹyin abo nítorí ìran tó ń bọ̀. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ń sé ọkà mọ́ gáàsì ni pé kòkòrò tó ń rìn lójú àpò lè má fi bẹ́ẹ̀ ní alábàágbé nínú mọ́, nígbà tí ìdin tó wà nínú hóró àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kún fún wọn fọ́fọ́. Gáàsì kan náà la fi pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n agboolé tó bá lọ́dọ̀ wọn kò rí bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo gáàsì náà. Àlùmíníọ̀mù fọ́sífáìdì ló wà nínú hóró Phostoxin. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú gáàsì fọ́sífíìnì jáde, hóró oògùn tó wọn gírámù 3 á sì tú nǹkan bíi gírámù 1 gáàsì jáde. Láti ìgbà tí ayé ti fohùn ṣọ̀kan lábẹ́ Àdéhùn Montreal pé kí wọ́n dáwọ́ lílo gáàsì mẹ́táílì bròmáìdì dúró nítorí pé ó ń ba ààbò ojú ọ̀run jẹ́, ní 2005 fún àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ àti 2015 fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, àyàfi èyí tí wọ́n ń lò fún ẹrù tó ń kọjá ẹnubodè, fọ́sífíìnì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọkà tí wọ́n ń fi gáàsì fín lágbàáyé gbára lé.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín gáàsì méjèèjì kọjá ohun tí àwọn ènìyàn rò. Mẹ́táílì bròmáìdì kì í ṣe ojúsàájú: ohunkóhun tó bá ní ẹ̀mí ló ń kọ lù, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ tòmátò àti sitirọ́bẹ́rì ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè fi ń rọ ọ́ sínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti pa olú, aràn àti èso koríko pa pọ̀. Ọ̀nà tí fọ́sífíìnì ń gbà tẹ́ẹ́rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mitokọ́ńdíríà ló ń wọ̀ lọ da iṣẹ́ rú, ó sì nílò ọ́síjìn kó tó lè pa kòkòrò dáadáa. Ohun abẹ̀mí tó ń mí púpọ̀ tó sì ń jó agbára púpọ̀ ni májèlé náà tètè ń ràn. Ẹyin, àti ìdin tó ti dákẹ́ tó ń para dà di kòkòrò, kì í mí tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn ni wọ́n máa ń yè bọ́ bí ọlọ́jà bá tètè ká tapólì. Bákan náà, fọ́sífíìnì ní ìwọ̀n tí a ń lò fún ọkà kì í pa olú àti bakitéríà bí mẹ́táílì bròmáìdì ṣe lè pa wọ́n. Lójú tèmi, ohun tí a gbà nígbà tí a fi gáàsì kan rọ́pò èkejì ni pé a kúrò lọ́dọ̀ májèlé tó ń pa onílé àti alábàágbé rẹ̀ pọ̀, a bọ́ sọ́dọ̀ èyí tó ń lé onílé nìkan. Bí onílé bá kú, alábàágbé kò níbi tí yóò sá sí, òun náà yóò kú. Ṣùgbọ́n bí ẹyin kan ṣoṣo bá yè, odidi agboolé ló yè pẹ̀lú rẹ̀.

Ní 1972 sí 1973, FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe ìwádìí káàkiri ayé lórí bí kòkòrò ọkà ṣe ń kọ oògùn, wọ́n sì rí i pé nínú bíi kòkòrò ibi mẹ́wàá tí wọ́n yẹ̀ wò, ti ibì kan ti ń fara da fọ́sífíìnì. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà ti burú sí i gan-an. Ní 2012, àwọn onímọ̀ kan tí àwọn ará Ọsirélíà wà nídìí iṣẹ́ náà fi hàn pé ọ̀kan lára àwọn jíìnì, ìyẹn àbùdá àjogúnbá, tó ń fún kòkòrò lágbára láti kọ gáàsì yìí ni èyí tó ń ṣe ẹ́ńsáímù kan, ìyẹn èròjà tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá, tí wọ́n ń pè ní DLD, tó ń ṣiṣẹ́ nínú mitokọ́ńdíríà. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere níhìn-ín pé jíìnì kòkòrò fúnra rẹ̀ ni èyí, kì í ṣe ti bakitéríà. Ẹni tó bá sọ pé alábàágbé nìkan ló fà á tí Phostoxin kì í fi í ṣiṣẹ́ mọ́ ń tan ara rẹ̀ ni.

Síbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ́ńsáímù DLD yìí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí èròjà kan tí ara ń fi ríbófúlefíìnì ṣe, nínú kòkòrò àgbàdo àti kòkòrò ìrẹsì sì rèé, bakitéríà ẹ̀gbẹ́ ìfun ló ń pèsè ríbófúlefíìnì náà. Èyí túmọ̀ sí pé ojú ibi tí gáàsì ti ń ja ìjà rẹ̀ ni alábàágbé ń kó ẹrù wá. Èrò tèmi ni èyí, mo sì mọ̀ pé èrò kì í ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí àwọn onímọ̀ wa dojú ìwádìí kọ: kí wọ́n mú kòkòrò tó ní alábàágbé àti èyí tí kò ní, kí wọ́n fi fọ́sífíìnì kan náà, ní ìwọ̀n kan náà, dán wọn wò.

Àwọn alábàágbé kan wà tí wọ́n tilẹ̀ ń tú oògùn palẹ̀ fúnra wọn. Àwọn tó ń kó kòkó pamọ́ ní Oǹdó àti Ọ̀ṣun mọ kòkòrò pupa kékeré kan tó ń dá ihò sí kòkó gbígbẹ, tó tún ń jẹ ewé tábà: Lasioderma serricorne lórúkọ rẹ̀. Alábàágbé tirẹ̀ kì í ṣe bakitéríà, ìbátan ìwúkàrà kan ni, Symbiotaphrina kochii. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà sin ìwúkàrà yìí lọ́tọ̀ lẹ́yìn òde kòkòrò, wọ́n fi hàn ní 1991 pé ó lè sọ oríṣiríṣi májèlé di aláìlágbára, títí kan àwọn kan lára oògùn apakòkòrò. Ẹ̀dá tó ń jẹ ewé tábà ní láti ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Callosobruchus maculatus ni kòkòrò ẹ̀wà tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó ń fi ihò róbótó sílẹ̀ lára hóró. Ní 2019, Mazarin Akami, ọmọ Kamẹrúùnù, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé bakitéríà inú ìfun kòkòrò yìí lọ́wọ́ nínú bó ṣe ń fara da oògùn apakòkòrò dichlorvos. Iṣẹ́ kan náà fi hàn pé nígbà tí ó kan òróró inú ewé Lippia adoensis, ìyẹn ewé olóòórùn dídùn kan, ńṣe ni bakitéríà lọ́wọ́ nínú bí òróró náà ṣe ń ràn án. Alábàágbé tó gba kòkòrò lọ́wọ́ májèlé kan ló sì tún fi í lé májèlé mìíràn lọ́wọ́. Ìmọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wa ju fún ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Sniper tàbí tí wọ́n pò mọ́ òtàpíàpíà, ni àwọn kan ń da sórí ẹ̀wà lọ́jà nítorí pé ó yára di èéfín tó ń wọ inú àpò. Ní 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró, nítorí pé wọ́n bá dichlorvos tó wà láàárín mílígírámù 0.03 àti 4.6 nínú kílógírámù ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ìwọ̀n tí òfin wọn gbà kò ju 0.01 lọ. Wọ́n sì ń fi kún àkókò ìdádúró náà lẹ́yìn náà. Ní 2019, àjọ NAFDAC nílé náà kéde òfin tó de ìgò kéékèèké oògùn yìí. Bí èèyàn bá ti ń da oògùn kan náà sórí kòkòrò kan náà lọ́dọọdún, tí bakitéríà inú rẹ̀ sì ń ran kòkòrò lọ́wọ́ láti fara dà á, ìwọ̀n tí ọlọ́jà yóò dà lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní dín. Ẹni tí yóò se ẹ̀wà náà fún ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ àlékún rẹ̀.

Alábàágbé kan náà tó ń ran kòkòrò lọ́wọ́ lè jẹ́ ibi tí ọwọ́ wa yóò ti tẹ kòkòrò náà. Ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn onímọ̀ ṣiṣẹ́ lórí Oryzaephilus surinamensis, kòkòrò pẹlẹbẹ tó ń jẹ ìyẹ̀fun àti ọkà, tí bakitéríà inú rẹ̀ ń bá a ṣe èèpo ara. Ní 2021 wọ́n fi hàn pé glyphosate, oògùn apakoríko tí àwọn àgbẹ̀ wa ń fín sí oko lójoojúmọ́, ń dí ọ̀nà tí bakitéríà náà ń gbà ṣe èròjà èèpo yìí. Ẹranko kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú ara, ṣùgbọ́n ewéko àti bakitéríà ní in. Èèpo kòkòrò náà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni fín oògùn apakoríko sí ọkà tí a ó jẹ. Èèwọ̀ pátápátá ni. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ wa ni pé ògiri kòkòrò ọkà wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni náà sì ní àìlera tirẹ̀.

Ibi ògiri yìí gan-an ni àwọn ọ̀nà tí kò lo gáàsì olóró rárá ti lágbára. Ilé-iṣẹ́ NSPRI ní Ìlọrin, tó ń ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe ń tọ́jú irè oko pamọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ní ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní NSPRIDUST, tí wọ́n fi irú amọ̀ kan tó jẹ́ ìyókù àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké inú omi ayé àtijọ́ ṣe. Ìyẹ̀fun náà ń fa ọ̀rá ojú èèpo kòkòrò, omi ara rẹ̀ á sì gbẹ. Àpò onípele mẹ́ta PICS náà, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wá láti inú iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ṣe lórí ẹ̀wà ní Kamẹrúùnù, ń sé ọ́síjìn mọ́ta, kòkòrò á sì dáwọ́ jíjẹun dúró. Bí kò bá jẹun, kò ní rí omi tí ara rẹ̀ máa ń mú jáde láti inú oúnjẹ, òùngbẹ ni yóò sì pa á. Méjèèjì ń ṣe kòkòrò ní ibi tí alábàágbé ti fún un ní ààbò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kòkòrò tí alábàágbé rẹ̀ kò bá lágbára mọ́, tí èèpo rẹ̀ kò sì nípọn, ni ìyẹ̀fun àti àpò yìí yóò yára pa jù lọ. Ó sì yẹ kí a fi sọ́kàn pé fọ́sífíìnì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ọ́síjìn kò bá sí. Nítorí náà, ẹni tó bá ti kó ọkà sínú àpò PICS kó má tún ju hóró oògùn sínú rẹ̀. Owó rẹ̀ ló ń fi ṣòfò, ẹ̀mí rẹ̀ ló sì ń fi wewu.

Fún ẹni tó bá gbọ́dọ̀ lo gáàsì, ohun tó burú jù ni ìlò aláàbọ̀: tapólì tó ní ihò, hóró oògùn tí kò tó iye àpò, ọjọ́ mẹ́ta níbi tó yẹ kí ó pé ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ìlò bẹ́ẹ̀ ń pa kòkòrò tó dàgbà tó wà lójú àpò, ìyẹn èyí tó lè ti pa ọ̀pọ̀ alábàágbé rẹ̀ jẹ, ó sì ń dá ẹyin àti ìdin tó ń para dà sí nínú hóró pẹ̀lú gbogbo bakitéríà wọn. Àwọn tó yè yìí ni yóò di òbí ìran tó ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi hóró oògùn yìí sínú yàrá tí ènìyàn tàbí ẹran ọ̀sìn ń sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò kan ṣoṣo ni, nítorí pé mitokọ́ńdíríà tó ń kọ lù nínú kòkòrò wà nínú ara wa náà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá gáàsì tó lò ṣiṣẹ́, kó má wo òkú kòkòrò tó wà nílẹ̀. Kó bu ago ọkà mélòó kan láti àárín àpò lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá ti gba gáàsì jáde tán, kó yọ gbogbo kòkòrò tó bá rí nínú rẹ̀ kúrò, kó da ọkà náà sínú ìgò tó mọ́, kó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so ẹnu rẹ̀ pa, kó sì gbé e sí ibi tí oòrùn kò ti ní pa á. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìgò náà yóò fi hàn án bóyá ẹyin kankan yè. Bí kòkòrò bá yọ níbẹ̀, ọmọ àwọn tó la gáàsì kọjá ni, bakitéríà tí ìyá wọn fi lé wọn lọ́wọ́ sì wà nínú wọn.